Ẹ̀rọ Tí Mo Yàn fún Ọdẹ́bùnmi ní Ìsọ̀ Ọba Iwin

Rájí télọ̀, jókòó. Mo ní kí o jókòó. Mo ti rí ìwé ìpolówó tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, èyí tí wọ́n ya kọ̀ǹpútà alágbèéká sí, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ojú rẹ̀ mọ́ ju omi orísun lọ. O fẹ́ rà á fún ọmọ rẹ kí ó máa fi kàwé, kí ó sì máa fi gbá géèmù. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí o tó ra ohun tí o kò mọ̀dí, gbọ́ ohun tí ojú èmi rí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ sún mọ́ ìhín. Ẹni tó bá sùn, kí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ fà á létí.

Èmi ni Ọdẹ́lànà ọmọ Ògúnṣèyè, ọdẹ tí ẹkùn ń kí káàárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rò pé mo ń purọ́, kí ó lọ bi ẹkùn. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa mi: èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí ènìyàn bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, mo máa ń tọwọ́ bọ àpò wò bóyá ohun tí mo kó síbẹ̀ ṣì pé. Ìfura loògùn àgbà, òun náà ni kò jẹ́ kí n ti di ohun tí wọ́n ń fi ẹnu sọ, bí ọ̀pọ̀ ọdẹ tó gbọ́n jù mí lọ.

Ọdẹ́bùnmi ọmọ mi, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kí ó tó lọ. Ọmọ náà mọ géèmù gbá, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ sáré nínú ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìbátan rẹ̀ kan ló máa ń yá. Bí ó bá ti jókòó tì í, èmi a lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, nítorí mo fura sí ohunkóhun tó ń sáré tí kò lẹ́sẹ̀. Kò ní yíjú padà rárá. Yóò kàn ké pé: "Bàbá, ẹ kúrò lẹ́yìn mi! Òjìji yín ń dí mi lójú!" Ọ̀rọ̀ yẹn a máa bí mi nínú. Èmi tí mo bí i, tí ó ń lé mi bí ẹni lé ewúrẹ́!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bá ẹnìkan tí kò mọ̀ díje nínú ẹ̀rọ náà. Ó nà án. Onítọ̀hún ní àwọn á tún un ṣe, ó tún nà án. Kò mọ̀ pé Àrẹ̀mọ ọba iwin Igbó Àwòsínwín ni òun ń dójú tì. Kí n tó gbé ìbọn mi kúrò lára ògiri, ìjì ti wọlé, ó gbé ọmọ mi lọ, ó sì fi ìránṣẹ́ kan sílẹ̀ tí kò ga ju ìgbálẹ̀ lọ.

Ìránṣẹ́ náà ní: "Ọdẹ́lànà, ọba wa kí ọ. Àrẹ̀mọ ní màdàrú ni ọmọ rẹ ṣe. Wọn yóò tún díje ní ìta gbangba. Bí oòrùn bá ti yọ lọ́la, ọmọ rẹ yóò kọ àwíjàre rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan, ìgbìmọ̀ yóò kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yẹn náà ni yóò fi sáré ìje. A kò ní fún bátìrì rẹ̀ ní iná láàárín méjèèjì. Ìwọ bàbá rẹ̀ ni yóò yan ẹ̀rọ náà ní ìsọ̀ ọba, ọ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá borí, ẹ máa lọ sílé yín. Bí kò bá borí, yóò máa nu dígí fún wa títí láé."

Mo ní: "Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí ẹni tó máa lò ó yàn án fúnra rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ́ bí iyọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dẹ pàkúté síbi yíyàn náà.

Mo wọ Igbó Àwòsínwín láti apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn mi ṣáájú mi. Kò pẹ́ tí mo rí àgbọ̀nrín kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rí eégbọn létí rẹ̀, mo sì rí ara mi nínú ẹyinjú rẹ̀. Ebi ń pa mí, síbẹ̀ ọkàn mi kọ̀ ọ́, nítorí àgbọ̀nrín gidi kì í dúró kí ọdẹ máa ka irun ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọwọ́ ọdẹ, kì í gbọ́ràn sí ọkàn lẹ́nu. Mo yìnbọn. Ẹran náà fọ́ yángá lulẹ̀. Dígí ni! Mo ṣa àfọ́kù rẹ̀ wò, mo rí i pé èérún iná tíntìntín ni wọ́n tò síra wọn, bí àmì ara ẹtù, tí wọ́n fi di àgbọ̀nrín. Mo sọ fún ara mi pé: "Ọdẹ́lànà, ẹran tó dára tó báyìí kò lè wọ ìkòkò." Ẹ̀bà gbígbẹ tí mo dì sápò ni mo jẹ lọ́jọ́ náà.

Ní ẹnu odi ìlú wọn, mo bá oníbodè kan tí ojú bò lára láti àtàrí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó ní: "Ọdẹ, kí ni ó lójú púpọ̀ tí kò rí ọ̀nà? Bí o bá mọ̀ ọ́n, wọlé. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó yọ ojú ọ̀tún rẹ kún tèmi."

Ojú ọ̀tún mi! Èyí tí mo fi ń wo ẹnu ìbọn! Ọ̀pẹ òyìnbó ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, nítorí òun náà lójú káàkiri ara. Mo gbé e mì. Ìdáhùn tó bá yá jù, ìdẹ ló máa ń jẹ́. Mo dá ẹsẹ̀ dúró, mo wo ara oníbodè náà dáadáa. Mo rìn lọ sí ọ̀tún, mo rìn wá sí òsì, kò sí ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀ tó tẹ̀lé mi. Gbogbo wọn là sílẹ̀ lásán.

Mo ní: "Asẹ́ ni. Ìwọ náà sì ni."

Inú bí i, ó pọ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó pa àlọ́ kì í sẹ́ ìdáhùn. Ó yẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́, ẹ rọra o, mi ò tíì dé ibi tó le.

Ìsọ̀ ọba kún fún ẹ̀rọ láti ilẹ̀ dé àjà. Ajípọ́nnilé ni orúkọ ẹni tó ń tà níbẹ̀, ó sanra, ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ kan wọlé ló kígbe: "Ẹ káàbọ̀ o, ọdẹ tí ẹkùn ń kí káàárọ̀!"

Ẹ gbọ́ nǹkan. Ta ló sọ fún un? Mo gbé ìjókòó tó fún mi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì kọ omi tó bù fún mi.

Ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, ó ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bo gbogbo ìsọ̀. Ó ní: "Fóò Kéè nìyí o, Bàbá ọdẹ! Gbogbo àwòrán inú ẹ̀rọ, èérún iná ni wọ́n fi ń tò ó, bí èérún bá sì ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó. Ti èyí, orí ìbú nìkan, ẹgbàajì dín ní ọgọ́jọ ni. Bí kòkòrò bá bà lé ewé nínú géèmù, ọmọ yín yóò rí ẹyinjú rẹ̀!"

Mo ní: "Ọmọ mi kò bá kòkòrò díje."

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í gba iwájú ẹran wọlé sí i. A máa ń yí i po ni, kí a mọ ibi tó fẹ́ gbà sá. Nítorí náà, bí Ajípọ́nnilé ti ń rojọ́, èmi ń fẹsẹ̀ yí i po díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wo ọjà. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn rẹ̀, irun orí mi dìde. Ẹnu kejì wà ní ìpàkọ́ rẹ̀! Ẹnu náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Bàbá ọdẹ, ẹ má dá tiwájú lóhùn. Òpùrọ́ ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ mú, tí èérún rẹ̀ kò pọ̀. Yóò sáré bí ehoro, bátìrì rẹ̀ kì í sì í tètè kú. Mo kàn fẹ́ràn yín ni mo ṣe sọ ọ́."

Rájí, ìwọ ì bá ti gbà á gbọ́. Má sẹ́ o, mo mọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fúnni ní kọ̀rọ̀ máa ń dùn ju ti gbangba lọ. Ṣùgbọ́n èmi rò ó pé ẹnu méjèèjì, ọ̀fun kan ni wọ́n ń lò, ikùn kan náà ni wọ́n sì ń bọ́. Mo ní kí ó tan ẹ̀rọ méjèèjì fún mi.

Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ ṣe àṣìṣe tí ọdẹ nìkan lè ṣe. Mo fà sẹ́yìn títí dé ibi tí ìbọn mi ti í mú ẹran, mo di ojú òsì, mo fi tọ̀tún wò wọ́n. Ọ̀kan náà ni wọ́n rí. Mo ti fẹ́ ní kí ó fún mi ní èyíkéyìí kí n máa lọ, àfi bí mo ṣe rántí pé ọmọ mi kì í gun ẹ̀gùn, pẹpẹ tí ọdẹ ń so sórí igi, kí ó tó gbá géèmù. Ìnà apá kan ni ó máa ń jókòó sí ẹ̀rọ. Mo bá sún mọ́ ọn, mo na apá, mo tún wò.

Kíá, ẹ̀rọ tí èérún rẹ̀ kò pọ̀ tú àṣírí ara rẹ̀. Etí lẹ́tà rẹ̀ rí págunpàgun bí ẹnu ayùn. Ojú ìwé kan kò gbà tán lójú rẹ̀, àfi kí n máa fà á sókè, kí n máa fà á sódò. Mo ka ìlà díẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tó bá fi èyí kọ̀wé láti òwúrọ̀, ojú á ti rẹ̀ ẹ́ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀.

Mo kọjú sí Fóò Kéè. Ó rẹwà. Kí n má parọ́, ó rẹwà débi pé àgbọ̀nrín dígí yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, kò sì ṣeé kà àfi tí a bá fẹ̀ ẹ́ di ńlá. Ojú ẹ̀rọ náà kò sì tóbi ju àwo ìjẹun lọ! Kí ni èérún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wá ń ṣe nínú rẹ̀? Mo gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ooru ti ń jáde. Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ọ̀yà tí ajá lé. Mo yọjú sínú ihò. Iwin kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó mú gègé lọ́wọ́, ó ń ya èérún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ojú sì tó ṣẹ́, ó ti tún gbọ́dọ̀ ya gbogbo wọn ní ọ̀tun. Òógùn bò ó. Bátìrì ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Mo wo inú èkejì: ayàwòrán ibẹ̀ kò ga ju ti Fóò Kéè lọ, kò sì kúrú jù ú lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló kàn kéré, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iná kábáìdì la máa ń dè mọ́rí lọ sígbó. Ọdẹ tí kò gbọ́n á ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ gbagada kí ó lè rí ẹran tó wà ní òdìkejì odò, níbi tí ìbọn rẹ̀ kò lè dé láéláé. Kí ẹran tó sún mọ́ ọn, kábáìdì á ti tán. Nítorí náà la ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa pé ọdẹ kì í tan iná kọjá ibi tí ìbọn rẹ̀ ń dé.

Èyí kéré jù, èyí pọ̀ jù. Ajípọ́nnilé sì ń fi ẹnu méjèèjì rọ̀ mí pé kí n tètè mú ọ̀kan, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fi ohun méjì nìkan lọ̀ ọ́, tó tún ń kán ọ lójú, mọ̀ pé ẹ̀kẹta wà tí kò fẹ́ kí o rí. Bí ọdẹ bá fẹ́ mọ ibi tí omi tó dára wà nínú igbó, kì í bi ẹran léèrè. Ojú ẹsẹ̀ ẹran ló máa ń wò, kí ó mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń mu. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ẹsẹ̀ oníṣòwò yìí.

Mo rí i lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Mo ká aṣọ náà, mo bá ẹ̀rọ kan tí lẹ́tà orí bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́ nítorí lílò, tí èérún àkàrà há sáàárín wọn. Mo ṣí i. Apá kan ojú rẹ̀, ìṣirò ọjà ọba ló wà níbẹ̀. Apá kejì, géèmù ọkọ̀ ni, ẹni tó ń gbá a ti dá a dúró lójú ọ̀nà nítorí pé mo wọlé dé.

Mo ní: "Ti ta nìyí?"

Ẹnu méjèèjì pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó yá, tiwájú kálòlò pé: "Ìyẹn... ìyẹn kì í ṣe títà, Bàbá ọdẹ. Tèmi ni."

Mo ní: "Ọba ní kí n yan ọ̀kan nínú ìsọ̀ òun. Kò ní kí n yan tuntun."

Mo bi í, ó ní ẹgbàá dín ọgọ́rin ni èérún rẹ̀ lórí ìbú, ẹgbẹ̀rún ó lé ọgọ́rin ni lórí òró. Mo na apá sí i: lẹ́tà rẹ̀ jọ̀lọ̀, ìwé kan gbà dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Mo gbé etí lé e: ayàwòrán inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń làágùn díẹ̀, ó ń kọrin. Síbẹ̀ mo fura sí i. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo mì í, mo fi eyín tẹ etí rẹ̀ wò. Nígbà tí kò bú mi jẹ, mo tì í bọ àpò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n mú ọmọ mi jáde sí ìta ọba. Ó ti rù. Mo fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ọ̀kọ̀ dí mi. Ó gba ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó fi ahọ́n há ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó ṣí ẹ̀sùn Àrẹ̀mọ sí apá kan, ó ń kọ èsì tirẹ̀ sí apá kejì, kò nu ojú, kò sì ráhùn. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ìgbìmọ̀ kà á, wọn kò rí ibi tí wọ́n lè dì í mú. Ọba jẹ ètè rẹ̀ mọ́nú, ó ní kí ìje bẹ̀rẹ̀.

Àrẹ̀mọ gbé tirẹ̀ jáde. Èérún ẹ̀rọ náà ju ti Fóò Kéè lọ! Gbogbo iwin ló kọjú sí i, wọ́n ń ké "háà, háà". Ọkọ̀ rẹ̀ dán débi pé ènìyàn lè fi gé irùngbọ̀n. Ó ṣáájú ọmọ mi, ó fi í sílẹ̀ jìnnà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara mi pé ẹnu iwájú ni mi ò gbọ́.

Ibi tí ọ̀nà ti yí sí ọ̀tún ni mo ti rí i. Ọkọ̀ Àrẹ̀mọ fara hàn, ó pòórá, ó tún fara hàn níwájú díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe òsúkè. Ayàwòrán rẹ̀ kò lè bá a mọ́. Ooru ń rú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Àrẹ̀mọ yí ọwọ́, ọkọ̀ kò gbọ́, ó wọ igbó. Ọmọ mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Iná pupa bátìrì tirẹ̀ náà ti ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó kọjá ìlà òpin kí ó tó kú. Ti Àrẹ̀mọ ti ṣókùnkùn bí ìdí ìkòkò.

Ọba yíjú sí mi. Ó ní: "Ọdẹ, ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní: "Kábíyèsí, oníṣòwò yín ni. Ìgbà tó pa ẹnu mọ́ ló sọ ọ́."

Ó ní: "Mú ọmọ rẹ, kí o máa lọ."

Báyẹn ṣá? Kò jà, kò bínú, kò fi àdéhùn mìíràn kún un? Ẹ̀yin ará mi, bí a ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà, inú mi kò dùn rárá. Ọmọ náà ń tẹ̀lé mi, kò sọ̀rọ̀, ó dorí kodò. Mo rántí àgbọ̀nrín tí mo rí eégbọn létí rẹ̀. Bí wọ́n bá lè fi èérún iná to ẹran, kí ló dé tí wọn kò ní lè fi to ọmọ? Mo bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó dá mi lóhùn. Mo bi í ní oríkì wa, ó kì í tán. Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀, nítorí ẹni tó mú un nígbèkùn lè ti fi ọ̀rọ̀ wá gbogbo ìyẹn lẹ́nu rẹ̀. Bóyá ọmọ mi ṣì wà lẹ́yìn, tó ń nu dígí, tí èmi sì ń mú àwòrán rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí a jáde síbi tí igbó ti pin, mo ní kí ó jókòó sórí gbòǹgbò kan kí ó sinmi. Mo ní kí ó ṣí ẹ̀rọ náà wò, bóyá iná tó kù yóò gbé géèmù díẹ̀. Ó ṣí i. Mo rìn lọ bí ẹni fẹ́ tọ̀, mo yí i po, mo wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ìbọn lé èjìká. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má ṣi ọmọ mi yìn, kí n má sì mú ohun tí kì í ṣe ọmọ mi wọlé.

Kò yíjú padà. Ó fi ahọ́n há ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì ké pé: "Bàbá, ẹ kúrò lẹ́yìn mi! Òjìji yín ń dí mi lójú!"

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, mo sì sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìgbà yẹn ló tó yíjú. Ó ní: "Bàbá, kí ló ṣe yín?" Mo ní eruku ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún un, kí ó kọ́kọ́ lọ rìn ín. Rájí, ká ìwé ìpolówó rẹ. Bí o bá dé ìsọ̀ lọ́la, má gbọ́ ẹnu iwájú, má gbọ́ ẹnu ẹ̀yìn, wo èyí tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ ń lò. Bí ó bá sì tún ń rú ọ lójú, Ọdẹ́bùnmi wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Wọlé, kí o bi í. Ṣùgbọ́n má dúró sẹ́yìn rẹ̀ o. Èmi ni mo ni ibẹ̀ yẹn. Mo máa ń lọ dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó lè lé mi kúrò.